Ìyà Ìyàwó Mi Ti Dé

Ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀ ná, Màmá àgbà! Ẹ gbé e sílẹ̀, mo fi ọmú tí ẹ fún Mọ́mì bẹ̀ yín, ẹ má tì í pa! Ṣé torí àmì kékeré kan tó dà bí ẹsẹ̀ kòkòrò ni ẹ ṣe fẹ́ fi ilé ọmọ yín sílẹ̀? Àná lẹ dé! Tówẹ̀lì tí ẹ fi nura kò tíì gbẹ! Mo ti dúró báyìí, èmi gan-an ni ilẹ̀kùn, ẹni tó bá máa jáde yóò gba orí mi kọjá. Ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó lọ, torí láti àná tí gbogbo ilé yìí ti ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ tèmi.

Èmi kọ́ o! Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́! Tí mo bá ń parọ́, kí irun orí mi yìí di irun orí Dádì, kó máa já bọ́ sórí ìrọ̀rí láràárọ̀!

Ẹ ní kí n má bú bàbá mi? N kò bú u, Màmá àgbà. Orí rẹ̀ wà níta, gbogbo ayé ló ń rí i.

Mo mọ ohun tó fa gbogbo èyí. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èmi ni mo fi iyọ̀ sínú ike ṣúgà, mo gbà. Èmi ni mo yí ohùn fóònù ẹ̀gbọ́n mi padà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé níbi iṣẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ló ké nínú báàgì rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ṣì ń bínú! Àwọn yẹn, mo ṣe wọ́n, mo dúró tì wọ́n, mo tún tẹríba fún èrò ìwòran. Ṣùgbọ́n eléyìí, tó dùn ju gbogbo wọn lọ, tó dùn débi pé inú ń bí mi pé èmi kọ́ ni mo rò ó, òun ni wọ́n wá gbé lé mi lórí! Kí n jẹ ìyà ẹ̀fẹ̀ tí n kò dá! Ṣé ẹ rí ìrẹ́jẹ?

Ta ló tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ orí ayélujára tí wọ́n kọ ọ́ sí yẹn sílẹ̀? Ẹ bi wọ́n. Wọ́n á ní Alága ni, ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́! Òòyà ló dá a sílẹ̀, òòyà àti irun orí mi. Mọ́mì rin ìrìn-àjò iṣẹ́, ó fi orí mi lé Dádì lọ́wọ́, òyìnbó tí kò ya irun mìíràn rí ju tirẹ̀ lọ, èyí tó rí bí òwú. Ó mú òòyà rẹ̀, ó tì í wọ inú igbó orí mi yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fà á. Kẹ́ẹ́! Eyín òòyà kú sórí mi, ọwọ́ òòyà kù sí Dádì lọ́wọ́, ó ń wò ó bí awakọ̀ tí sítíárìn yọ sí lọ́wọ́ lórí eré. Mo ya fọ́tò, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òòyà ti kú, irun ń bẹ láyé," mo jù ú sórí ẹ̀rọ ayélujára.

Màmá àgbà, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ilé bíi tiwa ti ń wọ́ wá bí eèrà tó gbóòórùn ṣúgà. Ìyá dúdú, bàbá funfun. Bàbá dúdú, ìyá tí irun rẹ̀ pupa bí iná. Ìbejì tí ọ̀kan pọ́n tí ìkejì ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé ìyá kan ló bí wọn. Mo ní kí gbogbo wọn wọlé, mo sọ ibẹ̀ ní Ilé Aláwọ̀ Méjì.

Èmi náà sọ tèmi fún wọn. Mo sọ bí ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà kan ṣe rí èmi àti Dádì, tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó rọra bi mí pé, "Ọmọ, ṣé ọkùnrin yẹn ń yọ ẹ́ lẹ́nu?" Mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ tíì mọ nǹkan kan, sà. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n fọ abọ́." Ẹ bi Dádì bí wọ́n ṣe di bẹ́líìtì rẹ̀ mú! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí àwọn ará ibẹ̀ rín! Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé lẹ́nu géètì ilé ìwé, wọ́n máa ń bi òun pé ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni òun, nígbà tó jẹ́ pé inú òun lọmọ náà ti jáde, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń sunkún sí i, ọjọ́ tí òun ka tèmi ni òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ mi! Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ilé ìwé tó lé mi, tí ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ń pè ní Wàhálà! Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí fóònù mi fi kú.

Ìgbà tí èrò pọ̀ tán ni ẹ̀gbọ́n mi wá gbọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, tó bá rí èèyàn mẹ́ta lórí ìlà, á ní òun ni alága wọn, ìdí tí mo ṣe sọ ọ́ ní Alága nìyẹn. Ó dé, ó ṣòfin: ẹ má polówó ọjà, ẹ má pariwo, ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ló bí i lọ́mọ!

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀: àmì ohùn orí ọ̀rọ̀. Dádì máa ń kọ Yorùbá tirẹ̀ pẹlẹbẹ, láìsí òkè, láìsí ìsàlẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Á gbé e wá bá mi, èmi á fi àmì sí i, dò, re, mí, ó parí. Gbogbo ilé ló mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àmì ṣìnà, ta ni wọ́n máa mú? Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò mọ̀ rèé, Màmá àgbà. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni ọkùnrin yẹn ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀. Á ní òun ń fá irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n wo? Àmì ló ń kọ́! Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, "Dò-mí! Dò-mí!" Mo rò pé inú ló ń run ún.

Ó fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni. Ó sì yà yín lẹ́nu!

Ó ya fọ́tò yín lẹ́nu ọ̀nà lánàá, eyín yín funfun báláú, báàgì lọ́wọ́. Kò gbé e wá bá mi. Ó dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, fún gbogbo ẹgbẹ́ láti kà, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀: "Ìyà ìyàwó mi ti dé. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé e wá. Yóò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn púpọ̀."

Dò-mí ló fẹ́ tẹ̀, Màmá àgbà, dò-dò ni ìka rẹ̀ tẹ̀! Ìyá ló ní lọ́kàn!

Ẹ sì gbé awò sójú, ẹ kà á sókè nínú pálọ̀, ẹ gbé ife tíì sílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi bí iná mọ́tò. Mọ́mì ní, "Ọmọ yìí, o ò ní pa mí." Alága kò tiẹ̀ bi mí léèrè, ó tẹ fóònù, pí, ó yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ tí mo fi irun orí ara mi dá sílẹ̀! Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ará Ilé Aláwọ̀ Méjì máa kọ́kọ́ fojú kan ara wọn nínú pálọ̀ wa níbí, kí n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, pé n kò ní sí nínú fọ́tò. Ìyá ẹnu géètì yẹn ń bọ̀ o! Èmi ló ń bọ̀ wá wò! Wọ́n fẹ́ ya irun, wọ́n sì fẹ́ yọ orí kúrò!

Ẹ ní kí ló dé tí Dádì kò fi jẹ́wọ́? Ó jẹ́wọ́! Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ! Bó ṣe rí ojú yín ló ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́, ó dìde, ó lu àyà rẹ̀, ó ní, "Ẹbí mi ni! Ẹbí mi ni!" Ẹ sì dá a lóhùn pé, "A mọ̀ pé ẹbí rẹ ni, ṣé ìyẹn ni ọmọ náà yóò fi máa bú mi?" Màmá àgbà, ẹ̀bi! Ẹ̀bi ló fẹ́ sọ! Ọkùnrin ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ rò pé ó ń ka ìran rẹ̀!

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ dán an wò, òun nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi ṣíbí ro tíì. Dádì! Ẹ wọlé. Ẹ má sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ti ẹbí. Ẹ gbé tíì sílẹ̀, ẹ gba fóònù yìí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìyá àgbà jọ̀ọ́, kí wọ́n má lọ. Ẹ fi àmì sí i fúnra yín. Màmá àgbà, ẹ wo ọwọ́ mi, mo ká wọn sẹ́yìn. Ẹ wò ó, ó ti yọ ahọ́n síta. Òógùn ti bo orí… ó dára, n kò sọ̀rọ̀ orí mọ́.

Ó tán? Ẹ mú un wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyà àgbà, ẹ máa lọ."

Yéè! Mo kú! Ìyà lásán ti di ìyà àgbà! Ó sì tún fi "a" kan gun orí "má," ó ní kí ẹ máa lọ! Dádì, kí ló dé tí ẹ fi "a" kún un? Ẹ ní kó lè gùn? Kó lè ní ọ̀wọ̀?

Màmá àgbà? Kí ló dé, ẹ ń sunkún? Èjìká yín ń… Háà! Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín ni o! Ẹ rọra, ẹ jókòó sórí báàgì yẹn, ẹ má ṣubú lé mi!

Ẹ fẹ́ fèsì? Nínú ẹgbẹ́? Fóònù yín dà? Ẹ máa pè é, mò ń kọ. "Èmi ni ìyà náà." Ṣé kí n tún àmì rẹ̀ ṣe? Kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó dáa. "Èmi ni ìyà náà. Mo ti dé, n kò lọ mọ́. Kí ẹni tó lọ gbé mi wá máa fọ abọ́. Kí Alága dá ọmọ mi padà sípò rẹ̀ kíákíá, nítorí ìyà kò mọ alága."

Pí! Ẹ gbọ́? Ó ti dá mi padà! Alága o! Lọ́jọ́ Sátidé, àárín ni mo máa dúró sí nínú fọ́tò, èmi àti òòyà mi!

Kí ni Dádì ń sọ? Ó ń bèèrè pé láti àná, kí ni wọ́n ń pè ní ìyà gan-an.

Ẹ jókòó, Dádì. Ẹ máa tó jẹ ẹ́.