Onígìtá Tó Dúró De Opó

Mẹ́rin ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Kubwa l'Ábùjá fún mọ́ àga ẹni mẹ́ta, ó lòdì sófin. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọmọkùnrin kan àti ìyá kan tó ń jiyàn lórí ta ni ọ̀gá àwọn onígìtá rọ́ọ̀kì àti búlúùsì.

"Mọ́mì, òyìnbó onírọ́ọ̀kì yẹn ni. Ìka rẹ̀ yá débi pé ẹ ò ní rí i!"

"Ṣé ọlọ́pàá ń lé e ni?"

"Bàbá oníbúlúùsì tiyín ńkọ́? Oorun ló ń sùn."

"Ọkọ mi kú, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè sunkún. Bàbá yẹn ta okùn kan ṣoṣo, ó dúró dè mí, mo bú sẹ́kún."

"Ó dúró dè mí"! Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níyẹn ní yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ orin.

Ọmọkùnrin náà rọra ní, "Mọ́mì, tèmi ò dúró de ẹnikẹ́ni rí."