Ìgèrè Ahun Odò

Láyíwọlá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí: tíṣà ni mí kó tó mú mi wá sí Calgary, tó sé mi mọ́ basement, yàrá abẹ́ ilé, fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí train ṣì tuntun nílùú náà, mo jókòó nínú rẹ̀ sẹ́yìn òun àti ọkùnrin kan tó ti ń fi ìgèrè mú ahun odò ní Ontario. Ọkọ mi fẹ́ dẹ ìgèrè tirẹ̀, ọkùnrin náà sì ń kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ri ìgèrè yẹn bọmi tán. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ."

"Kí ló dé? Ṣebí inú omi ló ń gbé."

"Ibẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ òkè ló ti ń mí. Mo ri tèmi tán lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó padà, àwọn ahun inú rẹ̀ ti kú. Àmì èékánná wọn kún ara wáyà."

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ wáṣẹ́ lọ́la. Ó ní:

"Mo ṣèbí ilé ti tó ọ."