Ìgò Afínjú tí Mo Sè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí Afínjú náà jókòó tì mí. Dókítà ti ní ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́, ohun tí mo sì ti fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò ní í gbé e wọ sàréè.

Nílé iṣẹ́ tí a ti ń di edé sísè fún títà, èmi ni mo kọ́ Afínjú níṣẹ́. Èmi náà ni mo fi ọdún méjì wá kòkòrò rere kan tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá fi omi inú ìgò tí a ti ń sìn ín wọ́n edé kí a tó gbé e sí yàrá òtútù, kò ní í fún àwọn kòkòrò tí ń ba edé jẹ́ láyè. Edé tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹrin á dára títí di ọjọ́ kẹwàá. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bèèrè pé, “Ta ló ṣe èyí?” Afínjú ló dúró níwájú wọn. Kò purọ́. Ó kàn tẹrí ba, ó dákẹ́, wọ́n rò pé òun ni, wọ́n sì fi í ṣe olórí mi. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń hó.

Mo fẹ́ kó tẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn oníbàárà wá tọ́ edé náà wò, mo dúró kí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, mo ki ìgò tí Afínjú fẹ́ lò bọ omi gbígbóná, mo sè é títí ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ fi kú. Mo jẹ́ kó tutù, mo dá a padà. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí. Òkú omi lásán ni ọmọ ọlọ́mọ fi wọ́n edé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tọ́jọ́ pé, ọ̀fìnkìn dí Afínjú nímú. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbóòrùn rẹ̀ wò.” Mo gbóòrùn rẹ̀. Ó ti ń bàjẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, bí imú oníṣẹ́ nìkan ṣe lè mọ̀. Mo ní, “Ó dára. Gbé e jáde.”

Bàbá rẹ̀ ti jókòó síwájú, arúgbó tó wọ bàtà tuntun nítorí ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ.” Mo rí i tó nawọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá dá a dúró, mo sì gbé e mì. Ó jẹ mẹ́fà. Oníbàárà tó jẹ tẹ̀ lé e tu tirẹ̀ dànù, ojú Afínjú wálẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀; kí n má purọ́ lójú ikú. Inú ń run baba kó tó délé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kú.

Wọ́n lé Afínjú, wọ́n gbé mi sípò rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa bàbá mi.” Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, “Gbà fún Ọlọ́run.” Irú ẹnu wo ni mo ní?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá gba ohun yín, ẹ bi í lójúkojú. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i.

Afínjú, má tíì dìde. O ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ̀san tí mo gbà ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ. Ìwọ kọ́ lo pa bàbá rẹ. Èmi ni. Bí o bá lè forí jì mí, forí jì mí. Bí o ò bá lè, máa lọ. Mi ò ní í pè ọ́ padà.