Kì í Ṣe Ṣùtì Ni Mo Ń Yọ

Ẹ bá mi yin Olúwa, ará. Ẹ má yìn ín bí ẹni tó ń ná ẹran tí kò ní í rà.

Gbogbo yín mọ̀ mí, èmi Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta abọ́ tánganran ní Tudun Wada. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ẹnu náà ni Èṣù wá kọlù.

Nígbà tí mo bí Bọ́sẹ̀, orí mi dàrú. N kì í sùn, mo ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Dókítà fún mi lóògùn, orí mi bọ̀ sípò. Ó ní kí n máa wá kí òun máa yẹ̀ mí wò. Ta ni yóò bá mi jókòó ti ọjà? Mo ń ra oògùn náà ní kẹ́míìsì, mo ń lò ó lọ títí Bọ́sẹ̀ fi wọ iléèwé.

Ìgbà tó yá, ẹnu mi ń jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Alàgbà rí mi níbi ààwẹ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ tu obì gooro yẹn dànù." Mo yanu fún wọn, wọn ò rí nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín.

Àfi bí ahọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra rẹ̀. Alájì kan ń ná abọ́, ahọ́n yọ sí i. "Ni kike yi wa gwalo?" Ó fi Haúsá ní, àbí òun ni mò ń yọ ṣùtì sí? Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Pẹ̀lú irú ẹnu tí mo ní, ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ẹ̀rù bà mí, ará. Mo rò pé wèrè ọjọ́sí ló ń padà bọ̀. Mo sọ oògùn di ìlọ́po méjì, ahọ́n ò gbọ́. Mo ń fi ìborùn bo ẹnu kí Bọ́sẹ̀ má baà rí i. Wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀ fún wèrè, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Olúwa, fi ohun tó ń ṣe mí hàn mí." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́hùn-ún yẹn jókòó tì mí. Wọn ò bi mí léèrè àjẹ́. "Oògùn wo lò ń lò?" Wọ́n fà mí padà lọ bá dókítà. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè. Oògùn yẹn náà ni. Bó bá pẹ́ lára àwọn mìíràn, ó lè máa mi ẹnu àti ahọ́n wọn. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra mi. Òun ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣọ́ mi.

Lónìí orí mi pé, Bọ́sẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ahọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí ẹnu, ọrùn tàbí ọwọ́ rẹ̀ ń dá rìn, má fi í pamọ́, má da oògùn nù. Tọ dókítà lọ.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Bí ahọ́n bá sì yọ níbi tí mo ti ń jó, kì í ṣe ẹ̀yin o. Èṣù ni mo ń yọ ṣùtì sí.