Tuntun Ni Nígbà Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ tí dókítà obìnrin méjì jókòó sẹ́yìn mi nínú bọ́ọ̀sì Gwagwalada, tí èyí tó jẹ́ àbúrò ń ṣàlàyé bí jọ́nà ìṣègùn kan, ìwé tó ń tẹ ìwádìí àwọn dókítà jáde, ṣe kọ̀ láti gba iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tuntun tí ojú wọn ń pọ́n.

"Àǹtí, oṣù mẹ́sàn-án ni ẹni tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò fi gbé e pa mọ́. Ó wá kọ̀wé pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ọ̀gá wa ni."

"Wọn kì í sọ orúkọ ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ní mi ò mẹ́nu ba ìwé mẹ́ta kan. Òun ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Èkejì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló dárúkọ rẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni. Wọ́n ní kí n dábàá ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi tirẹ̀ ṣáájú, kó má baà ní mo fojú di òun."

"O kúnlẹ̀ kí i lórí fọ́ọ̀mù."

"Àwọn míì ti tẹ irú ẹ̀ jáde báyìí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti ṣòfò. Àǹtí, tuntun ni nígbà tí mo fi ránṣẹ́."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn fún láti yẹ̀ wò, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá ráyè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.