Ọwọ́ Òsì Ọkùnrin Onírin

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìjà nínú takisí Dùgbẹ̀ sí Challenge, ṣùgbọ́n ti bàbá oníbúrẹ́dì yìí àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó ń rìn fún ìpolówó rẹ̀ yàtọ̀.

"Ọkùnrin onírin tó o yà yẹn, ọwọ́ òsì ló fi ń na búrẹ́dì mi sí oníbàárà!"

"Ẹ má bínú, sà. Òsì nìkan ni mo tíì to eegun rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lè mì. Bí mo bá gbé ọ̀tún, ńṣe ni àwọn ìka ń ká sẹ́yìn."

"Kó kọ́kọ́ sọ pé, 'Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o.'"

"Mi ò ya ẹnu sí i, sà. Irin ni. Ta ló máa bú irin?"

"Ta ló sọ pé irin ni wọ́n máa bú? Ìyá ẹ ni wọ́n máa bú, pé kò kọ́ ẹ."

Bí a ṣe dé Ring Road, ọmọkùnrin náà kígbe:

"Dẹ́rẹ́bà, ó wà o! Mo fẹ́ padà lọ to eegun ọ̀tún."