Omi Ẹ̀gbọ́n Mi Mọ́

Mo ní kí wọ́n pe gbogbo yín wá, títí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí bí mo bá dánu dúró, ẹ̀rù á tún bà mí. Dókítà bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wá wọlé tọ̀ mí, ẹ̀rín wọn pọ̀ jù, ni mo bá mọ̀ pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀yin olùsìn ẹja tí ẹ sọ bàbá wọn ní Olóró, èmi ni Olóró yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa ẹja ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ mi ni láti wo ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe nínú ara ẹja. A máa ń mú díẹ̀ nínú kíndìnrín ẹja, a ó tú u sí sẹ́ẹ̀lì, a ó sì máa tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà nínú ìgò bí ẹní ń tọ́ ọmọ tuntun. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn jíìnì wà, àwọn tó ń pàṣẹ iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, ó dà bí ilé tí olè wọ̀: ẹni tó ń dáná á pa iná, ẹni tó ń sùn á figbe ta. Àwọn jíìnì tó ń mú ara dàgbà á rọlẹ̀, àwọn tó ń gbèjà á ta jí. Ẹ̀rọ wa lè ka èyí tó jí àti èyí tó sùn. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ ní ìgò mìíràn tí a kò fi fáírọ́ọ̀sì sí, tí a ó fi wé èyí tó ti kó o. Bí ìgò yẹn kò bá dá ṣáṣá, asán ni gbogbo làálàá.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń gba ẹja. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn wá nínú ike, á fi aṣọ tútù bò ó lórí. Á ní, “Ẹja mi ń lọ yunifásítì o, èmi tí mo ni ín ò dé ẹnu géètì rí.” Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ara àwọn ìyá ẹja tó wà nínú adágún kan náà pẹ̀lú wọn ló ti ń gba ẹyin, tó fi ń rí ọmọ ẹja tà fún yín.

Nígbà tí èsì jáde, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọlé, ó tilẹ̀kùn. “Ọ̀gá, jíìnì inú àwọn ìgò tí a ò fi nǹkan kan sí náà ti jí o.” Mo ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ó ní, “Kò lè ṣìṣe lórí gbogbo ìgò, ọ̀gá. Ilé ni àwọn ẹja yìí ti kó o wá.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹja náà ń jẹun, ó ń wẹ̀, kò sí àmì lára rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń ké. Ẹ wo ìwà ọ̀dájú: mo da apakòkòrò sínú àwọn ìgò náà, mo ra ẹja níbòmíràn, mo fi wọ́n rọ́pò ti ẹ̀gbọ́n mi, mo sì dákẹ́ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ wò mí títí. “Ó ti dọwọ́ yín, ọ̀gá,” ló wí, ó sì jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ yẹn. Wọ́n fi mí jẹ olórí ẹ̀ka.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. “Àbúrò mi, opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ kó ọmọ ẹja sí gbogbo adágún rẹ̀, àwọn yòókù náà fẹ́. Ṣé ara àwọn ìyá wọn dá?” Bí mo bá ní kò dá, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, àṣírí á tú. Mo ní, “Ara wọn dá ṣáṣá.” Nígbà tí ojú ọjọ́ yí padà, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, ikùn lókè, láti adágún kan sí èkejì. Opó náà wọ inú omi tòun taṣọ, ó ń fi ọwọ́ gbá òkú ẹja mọ́ra.

Ẹ pe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ bi àbúrò mi, òun ló yẹ̀ wọ́n wò.” Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo ní, “Ẹja tí mo yẹ̀ wò kò lárùn. Ẹ lọ wo omi rẹ̀.” Ọjọ́ yẹn lẹ sọ ọ́ ní Olóró. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ eérú tèmi kọ́kọ́ tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Ó wá sílé mi. Mo rò pé ó wá bú mi ni. Ó jókòó sí etí àga bí àlejò, ó ní, “Má bínú pé mo dójú tì ọ́. Jọ̀ọ́, fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí.” Ó gbà mí gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Mo sì tẹ̀ lé e, mo dúró létí adágún rẹ̀, mo ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ohun tí kò dọ̀tí. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha sìmẹ́ńtì. “Ṣé ó ti mọ́ báyìí?” Mo ní, “Ó kù díẹ̀.” Kò sinmi mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú adágún gbígbẹ ni ìyàwó rẹ̀ ti bá òkú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ní báyìí, bí agbálẹ̀ ilé ìwòsàn yìí bá ń ha ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́: “Ṣé ó ti mọ́?” Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ìgò tí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n bá ń sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, àmọ́ ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin olùsìn ẹja, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nítorí ojú yín, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ò ṣẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó wá sí ìsìnkú rẹ̀. Bí mo bá kú kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má wá sí tèmi.